Fáìbúrọ́ìdì: ẹ bèèrè ibi tó jókòó sí

Bí wọ́n bá sọ fún obìnrin pé fáìbúrọ́ìdì, tí àwọn àgbà ń pè ní ìju, wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ìbéèrè méjì ló máa ń tètè jáde lẹ́nu ará ilé: mélòó ni, báwo ló sì ṣe tóbi tó? Ọdún púpọ̀ ni èmi àti tèmi fi jọ gbé kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni pé ìbéèrè kẹta ló yẹ kó ṣáájú: ibo ló jókòó sí? Títóbi rẹ̀ ló máa ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ibùjókòó rẹ̀ ló ń pinnu ohun tó máa fi ojú ẹni rí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn, ó ní láti mọ bí ilé ọmọ ṣe rí. Kò tóbi rárá. Lára obìnrin tí kò lóyún, gígùn rẹ̀ máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8, fífẹ̀ rẹ̀ lápá òkè sì tó bíi 5. Iṣan tó ki ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣan yìí ló ń fún pọ̀ tí inú fi ń run obìnrin nígbà nǹkan oṣù, òun kan náà ló sì ń ti ọmọ jáde nígbà ìrọbí. Ìbora fẹ́lẹ́ wà níta iṣan náà. Nínú lọ́hùn-ún, awọ rírọ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ló tẹ́ ẹ. Ilé ẹyin méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n ń tu ẹyin sílẹ̀, wọ́n sì ń pèsè ẹsítírójìn àti purojẹ́sítírọ̀nù, àwọn họ́mọ̀nù méjì tó ń mú kí awọ inú yẹn nípọn lóṣooṣù kí ọlẹ̀ lè rí ibi dì mọ́. Bí ọlẹ̀ kò bá wá, họ́mọ̀nù á lọ sílẹ̀, awọ á sì já wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan oṣù nìyẹn.

Fáìbúrọ́ìdì kì í ṣe ohun àjèjì tó wọlé láti ìta. Iṣan ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló hù jọ, tó di kókó líle. Àwọn họ́mọ̀nù méjì tí mo dárúkọ yẹn ló sì fi ń dàgbà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í sí lára ọmọbìnrin tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, tó sì máa ń sún kì bí nǹkan oṣù bá ti dá pátápátá. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ohun tí wọ́n rò pé fáìbúrọ́ìdì ni wá já sí jẹjẹrẹ. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ló máa ní in kí wọ́n tó pé 50 ọdún, ó máa ń tètè yọ lára àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń pọ̀ lára wa ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ ló wà tí wọn kò ní mọ̀ láé pé ó wà lára àwọn, torí kò yọ wọ́n lẹ́nu.

Tèmi yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ń di páàdì méjì pọ̀, mo ń jí lóru láti pààrọ̀, aṣọ dúdú nìkan ni mo sì ń wọ̀ jáde ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fẹjọ́ sun àǹtí mi, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe gbogbo wa nílé yìí, wàá fara dà á." N kò bínú sí i. Ó dá mi lójú nísinsìnyí pé òun náà ní in, torí àrùn tó máa ń tẹ̀ lé ìdílé ni: ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní in, ó rọrùn kí tirẹ̀ náà yọ. Bí gbogbo obìnrin inú ilé bá ń ṣe ohun kan náà, ta ló fẹ́ mọ̀ pé àìsàn ni?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yẹ kó rí. Láàárín ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù kan sí ọjọ́ kìíní òmíràn, ọjọ́ 21 sí 35 ni ti àgbàlagbà obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ náà kì í sábà kọjá ọjọ́ 7. Gbogbo ohun tó ń jáde lápapọ̀ máa ń tó mílílítà 30 sí 40, èyí tó bá sì ti kọjá 80, àpọ̀jù ni. Kò sí obìnrin tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ sínú ife, àmọ́ àwọn àmì kan wà tí ojú lè rí: kí páàdì kún láàárín wákàtí kan, kó sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ̀jẹ̀ dídì tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ máa jáde. Kí páàdì kan ṣoṣo má lè gbà á. Kí ẹ̀jẹ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Èyíkéyìí tó bá ń ṣẹlẹ̀ lóṣooṣù, ó yẹ kí dókítà gbọ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìwé kékeré kan tí mo ń kọ nǹkan sí: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye páàdì tó kún, bóyá ó dì tàbí kò dì, ọjọ́ tí inú run mí. Kó tó di pé mo ní ìwé yìí, bí dókítà bá bèèrè bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wá, màá ní "ó ń dà," òun náà á kọ "ó ń dà" sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìwé oṣù mẹ́ta síwájú rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ gan-an yí padà.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ báyìí kì í dá lọ. Áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ń bá a lọ. Mo ń mí hẹlẹ bí mo bá gun àtẹ̀gùn, àyà mi ń lù kìkì, òòyì ń kọ́ mi bí mo bá dìde lójijì, mo sì ń jẹ yìnyín láti àárọ̀ di alẹ́ láìmọ̀ pé ọ̀kan lára àmì àìtó ẹ̀jẹ̀ ni. Fún obìnrin tí kò lóyún, bí ìwọ̀n himoglóbìnì, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, kò bá tó gíráàmù 12 nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ kò tó nìyẹn. Oògùn áyọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ fún mi máa ń mú kí ìgbẹ́ dúdú, kò yẹ kí ìyẹn já ẹnikẹ́ni láyà. Omi ọsàn ni mo fi ń lò ó, torí ó ń jẹ́ kí ara gbà á dáadáa; tíì, kọfí àti mílíìkì kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ má sì dá a dúró lọ́jọ́ tí ara bá yá, nítorí ó máa ń tó bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pé kí ibi tí ara ń tọ́jú áyọ́ọ̀nù sí tó kún padà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ibùjókòó. Ẹ wo ilé ọmọ bí yàrá. Fáìbúrọ́ìdì kan lè yọ orí sínú yàrá, òmíràn lè há sínú ògiri, ẹlòmíràn lè so mọ́ ẹ̀yìn ògiri níta. Èyí tó yọ sínú yàrá ló máa ń fa ẹ̀jẹ̀ jù, kódà bí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, torí ó ti na awọ inú, kò sì jẹ́ kí ọlẹ̀ ráyè jókòó. Òun náà ló máa ń mú kí oyún wálẹ̀. Èyí tó wà nínú ògiri lè fẹ ilé ọmọ, kó sì mú kí ẹ̀jẹ̀ àti ìrora pọ̀. Ti ìta ń kọ́? Ó lè tóbi débi pé wọn yóò rò pé obìnrin náà lóyún, síbẹ̀ kí nǹkan oṣù rẹ̀ máa wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tẹ àpò ìtọ̀ àti ìdí ìfun, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbẹ́ á sì máa le.

Méjì ló wà lára mi. Ńlá kan wà níta, èyí tí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan ikùn mi ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kékeré kan wà nínú. Ẹ̀rù ńlá yẹn ló ń ba ìdílé mi, wọ́n fẹ́ kí wọ́n là mí nínú kíá. Dókítà tó wá bá mi jókòó ló fi àwòrán hàn mí pé kékeré yẹn gan-an ni alágídí. Ojú ara àti ọrùn ilé ọmọ ni wọ́n gbà wọlé láti gé e, láìfi abẹ kan ikùn mi. Ẹ̀jẹ̀ dínkù. Ńlá náà ṣì wà ńbẹ̀ títí dòní, a kàn ń ṣọ́ ọ ni.

Skáàn orí ikùn lásán lè má fi ti inú hàn dáadáa. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè ṣe skáàn láti ojú ara, tàbí kí wọ́n da omi díẹ̀ sínú ilé ọmọ kí wọ́n tó yàwòrán, tàbí kí wọ́n fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Oògùn tranexamic acid wà tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan láti dín in kù. Ohun èlò tó ní họ́mọ̀nù nínú wà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Láti 1995 tí Jacques Ravina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé ti kéde rẹ̀, àwọn dókítà tún ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ fáìbúrọ́ìdì kí ó lè sún kì. Wọ́n lè yọ kókó nìkan, kí ilé ọmọ kù, àmọ́ òmíràn lè hù padà. Bí wọ́n bá sì gé ògiri jinlẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n lè fi gbẹ̀bí ọmọ tó bá wáyé lẹ́yìn náà. Yíyọ ilé ọmọ kúrò ló ń fòpin sí i pátápátá. Ẹ má gbà gbọ́ pé ìyẹn ń sọ obìnrin di arúgbó lọ́sàn-án kan òru kan: bí wọ́n bá fi ilé ẹyin sílẹ̀, họ́mọ̀nù ṣì ń wá.

Ti àwọn tó ń ta oògùn "tó ń fọ fáìbúrọ́ìdì jáde" lórí fóònù, n kò ní sùúrù fún wọn. Iṣan ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ibo ni wọ́n fẹ́ fọ̀ ọ́ gbà?

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí. Rírí tí wọ́n rí fáìbúrọ́ìdì kò sọ pé òun ló fa gbogbo rẹ̀. Awọ inú ilé ọmọ lè hù wọ inú iṣan rẹ̀. Irú awọ bẹ́ẹ̀ lè hù sí ẹ̀yìn òde ilé ọmọ, kí ìrora máa pa obìnrin kú lọ. Ẹyin lè máà máa jáde bó ṣe yẹ. Tírọ́ídì, ẹṣẹ́ tó ń pèsè họ́mọ̀nù ní ọrùn, lè dàrú. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni kì í tètè dì. Bí ọmọ bá jẹ́ ohun tí tọkọtaya ń wá, kí wọ́n yẹ àtọ̀ ọkọ wò kí abẹ tó kan ìyàwó. Àyẹ̀wò yẹn rọrùn: kó má bá obìnrin lò pọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7, kó sì gbé àtọ̀ sínú ike. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú àpò kórópọ̀n lè ba àtọ̀ ọkùnrin jẹ́ láìjẹ́ pé ó ń dùn ún. Bí ọdún kan bá ti pé láìsí oyún, ẹ lọ rí dókítà. Bí obìnrin bá ti pé ọdún 35, oṣù 6 ti tó.

Àwọn nǹkan kan kì í dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fúnni. Ìrora òjijì tó le ní ìsàlẹ̀ ikùn, pàápàá lára ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, lè jẹ́ oyún tó jókòó sínú túùbù, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tí òòyì sì ń gbé èèyàn ṣubú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì yọ, kódà bó jẹ́ ẹ̀kán kan, lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá fún ọdún kan, kí wọ́n má ṣe pè é ní fáìbúrọ́ìdì títí wọ́n á fi yẹ awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ wò fún jẹjẹrẹ.