Ṣíbí wo?

Lálẹ́ àná, ara ọmọbìnrin mi gbóná janjan. Orí ẹsẹ̀ Màmá mi ló wà, èmi wà ní ilé ìdáná. Wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ṣíbí mélòó ni wọ́n ní ká fún un?" Mo dáhùn pé, "Ṣíbí kan ni, mà."

Ìgbà tí mo yọjú, ṣíbí tá a fi ń jẹ ìrẹsì ló wà lọ́wọ́ wọn, oògùn ti kún un dé etí. Àyà mi já. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró!"

"Teaspoon" ni wọ́n kọ sára ìgò náà, ìyẹn mílílítà 5. "Tablespoon" jẹ́ mílílítà 15, ìlọ́po mẹ́ta gbáko! Ṣíbí kan náà là ń pe méjèèjì nínú ilé, èmi ni mi ò ṣàlàyé.

Mo da oògùn yẹn padà, mo fa mílílítà 5 géérégé sínú síríńjì kékeré tó bá a wá nínú páálí. Màmá wò ó títí. "Bíńtín yìí náà ni?" Mo ní òun náà ni, mà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara rẹ̀ ti tutù. Mo ti fi rọ́bà so síríńjì náà mọ́ ọrùn ìgò.