Ilẹ̀kùn Abẹ́ Omi

Ọjọ́ Sátidé

Láàárọ̀ òní, kí oòrùn tó ràn dáadáa, mo gbọ́ tí nǹkan dún "pọ̀" nínú odò kékeré tí mo máa ń rìn létí rẹ̀ níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti mọ̀ pé eku odò ló bẹ́ sómi kí n tó fojú kàn án. Mo dúró jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ tó fi yọ ní òdìkejì, tó fi ọwọ́ méjèèjì di igi koríko kan mú, tó sì ń rún un láìdáwọ́ dúró. Imú rẹ̀ rí róbótó, irun fẹ́rẹ̀ẹ́ bo etí rẹ̀ tán, ìrù rẹ̀ pàápàá nírun lára, kò dà bíi ti èkúté ilé.

Nígbà tó lọ, mo wo àjẹkù rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí ẹni fi ọ̀bẹ mímú gé e. Oúnjẹ tó ń jẹ lójúmọ́ lè wúwo tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ara rẹ̀, nítorí omi tútù tètè ń gba ooru lára ẹranko tó kéré bẹ́ẹ̀.

Ilé rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù. Inú bèbè odò ló ń gbẹ́ ihò sí, ó sì ń ṣe ẹnu ọ̀nà púpọ̀ sí i: òmíràn wà láàárín koríko, òmíràn sì wà lábẹ́ omi, tó fi jẹ́ pé bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá yọ, yóò kàn bẹ́ sódò, yóò sì gba ìsàlẹ̀ wọlé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn koríko gbígbẹ.

Ọgbọ́n yìí ń gbà á là títí mink fi dé, ẹranko tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà lọ́dún 1929 láti máa sìn nítorí awọ onírun rẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì sá wọ ìgbẹ́. Mink mọ omi wẹ̀, abo rẹ̀ sì tín-ín-rín tó láti wọ ihò náà. Ó dùn mí gan-an pé ilẹ̀kùn tí eku odò fi ń sá fún ọ̀tá ni ọ̀tá yìí ń gbà wọlé tọ̀ ọ́. Láti ọdún 2008 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń dáàbò bo òun àti ihò rẹ̀ pátápátá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti gé koríko dé etí omi, kò ní rí oúnjẹ jẹ, kò sì ní rí ibi sá sí.

Mo padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àjẹkù tuntun ti wà lórí ti àárọ̀, ó ṣì tutù, omi ara koríko ṣì ń yọ lójú ibi tó gé.