Ìwà rẹ̀ kò burú, orúkọ rẹ̀ ló bàjẹ́

"Ìwà rẹ̀ kò burú o. Orúkọ rẹ̀ ló bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà létí mi láti àárọ̀, kò sì fẹ́ jáde. Akẹ̀sán ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí mo dúró sí tí mò ń retí ṣéńjì lọ́wọ́ ìyá elélùbọ́. Obìnrin àgbà kan ló ń sọ ọ́ fún ìkejì rẹ̀. Ìyẹn pòṣé, ó ní, "Kí ló wá kù?" Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ata.

N kò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Kò tiẹ̀ yẹ kó kàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti máa ń dùn mí. Ẹ jẹ́ ká fi ti Bọ̀ọ̀dá sílẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń bá wí lórí ọ̀rọ̀ owó.

Iná lọ láàárọ̀, kò dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Oòrùn mú. Mo gbóná àmàlà àná jẹ, kò burú.

Ní kíláàsì, Baṣọ̀run Gáà la ṣì wà lórí ẹ̀, eré onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ nípa olórí àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí agbára rẹ̀ ju ti ọba lọ. Ẹ mọ̀ pé ọmọdé Ọ̀yọ́ á ti máa sọ ọ́ lẹ́nu pé bó o láyà kó o ṣèkà, bó o bá rántí ikú Gáà kó o ṣòótọ́, kó tó mọ ẹni tí Gáà jẹ́ rárá. Orúkọ ti dé kí èèyàn tó dé. Àwọn ọmọ mi ti dá ẹjọ́ náà kí n tó ṣí ìwé. Ìkà ni, ó parí. Ó fi ọba márùn-ún jẹ, ó pa mẹ́rin nínú wọn, ó tún pa ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún, ìkarùn-ún wọn, ṣètùtù. Kí la tún ń wá?

Èmi ń wá nǹkan kan. Samuel Johnson, àlùfáà tó ṣiṣẹ́ nílùú Ọ̀yọ́ yìí gan-an, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí wọn ò sì rí i tẹ̀ títí di 1921, kọ ọ́ síbẹ̀ pé èrò pọ̀ lẹ́yìn Gáà. Ọba ni àwọn èèyàn ń bẹ̀rù, torí agbára ọba nígbà náà kò lópin, abẹ́ Gáà ni wọ́n sá sí. Nínú àwọn ọba tí Gáà fi jẹ, Lábísí kò lò ju ọjọ́ 17 lọ. Awọ́nbíojú kò lò ju ọjọ́ 130 lọ. Ṣé orúkọ Gáà ti bàjẹ́ lásìkò yẹn? Lójú ta ni? Ọwọ́ rẹ̀ ti kún fún ẹ̀jẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń pè é ní ààbò. Òdìkejì ohun tí ìyá yẹn sọ nìyẹn: orúkọ rẹ̀ dára, ìwà ló burú.

Ìgbà wo wá ni orúkọ náà bàjẹ́? Johnson tún ní àwọn ọmọ Gáà pín ara wọn sí àwọn ìlú ńláńlá, àwọn ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, kò sóhun tó ń dé ọ̀dọ̀ Aláàfin. Ó wá ń ṣe mí bíi pé kì í ṣe ikú ọba ló bí ará oko nínú. Owó ni. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ìyẹn. A ò tíì yí padà rárá.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mi ò sọ ní kíláàsì. Ẹnu àwọn arọ́kin, àwọn tó ń pa ìtàn ọba mọ́, ni púpọ̀ nínú ìtàn yìí ti wá. Ta ló ń bọ́ arọ́kin? Ààfin. Ilé tí Gáà bá jà ló wá ń ròyìn Gáà fún wa. Mi ò ní irọ́ ni wọ́n pa o. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Torí Abíọ́dún náà ńkọ́? Orúkọ tirẹ̀ dùn bí wọ́n bá dá a. Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó. Sùúrù rẹ̀ la fi ń kọ́ ọmọ: àràárọ̀ ló ń lọ kí Gáà, ó ń gbé ara rẹ̀ sílẹ̀, títí tó fi rọra gbìmọ̀ pẹ̀lú Ọ̀yábí, Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọjọ́ kan náà ni gbogbo ìlú dìde sí àwọn ọmọ Gáà. Wọ́n pa wọ́n níbi gbogbo tí wọ́n wà. Òjó Agúnbaḿbárù wà nínú ìwọ̀nba tó bọ́, ó sá lọ sílẹ̀ Bàrìbá.

Ọmọ kan láti ìjókòó ẹ̀yìn nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nínú wọn, àwọn náà ṣìkà ni?" Mo ní aago ti lù. Aago ti lù lóòótọ́.

Mo rò pé bí mo bá délé ọ̀rọ̀ náà á tán. Ẹlẹ́ṣin Ọba ló tún wá jókòó tì mí, èyí tó wà nínú eré Wole Soyinka ti 1975, tí ìtàn rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín wá, lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní wàjà ní 1944. Ta lorúkọ rẹ̀ tún dára tó tirẹ̀? Gbogbo ọjà ń yẹ́ ẹ sí. Ó ní òun fẹ́ ọmọbìnrin kan, àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà gan-an ni, wọ́n sì fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọkùnrin yìí ò tíì ṣe nǹkan kan o! Ohun tó máa ṣe, pé kó bá ọba rẹ̀ kú, ni wọ́n ń yẹ́ ẹ sí fún. Gbogbo aṣọ, gbogbo oúnjẹ, gbogbo ẹ̀rín, àwìn ni. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni olówó máa wá gbowó.

Kò rí i san. Ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru òyìnbó, ó di í ru àwọn òrìṣà rẹ̀, ẹ̀yìn náà ló wá kọjú sí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Ọlúńdé tí bàbá rẹ̀ ti kọ̀ lọ́mọ torí pé ó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà nílùú òyìnbó, òun ló kú sípò bàbá.

Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ Akẹ̀sán wọn Ẹlẹ́ṣin, ó bá a mu rẹ́gí. Ìwà rẹ̀ kò burú. Kò jalè, kò pa ọmọ ọlọ́mọ, ayé ló dùn mọ́ ọn. Ká ní àdúgbò kan náà là ń gbé, màá fẹ́ràn rẹ̀. Gáà ni màá máa kí láti òkèèrè.

Àmọ́ dúró ná. Ìwà wo ló tún wà, bí kì í bá ṣe pé kéèyàn ṣe ohun tó lóun máa ṣe? Ta ló ní ìwà Ẹlẹ́ṣin kò burú? Èmi náà ni, ní ìlà díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ní pa á rẹ́.

Òjó Agúnbaḿbárù padà wá láti Bàrìbá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tòun ti ogun. Ó dá mi lójú pé lójú tirẹ̀, ìwà bàbá rẹ̀ kò burú. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nípa Bọ̀ọ̀dá nìyẹn, tí mò ń bínú sí gbogbo ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀. Mo mọ ẹni tó pọ̀n mí dàgbà. Àwọn tó ń bá a wí náà mọ ohun tí ojú wọn rí...

Ó pè lọ́sàn-án, n kò gbé e. Bó bá tún pè lọ́la, màá gbé e. Mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ orúkọ, mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ ìwà. Màá bi í pé èló ló kù, àti pé ọwọ́ ta ni.