Wọ́n Ja Ìjà Fújì Sí Mi Lórí

Ọmọ Ìlọrin ni onígbàjámọ̀ tó máa ń gẹrun fún mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọwọ́ ẹ̀ dáa, owó ẹ̀ ò wọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ Kollington Ayinla, ọ̀gá olórin fújì, ti gbà á lọ́kàn. Ẹ ò gbọdọ̀ dá orúkọ yẹn pè lásán níwájú ẹ̀. "Jẹ́nẹ́rà" ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú.

Ní tèmi, Sikiru Ayinde Barrister ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ Fuji Garbage, èyí tó jáde lọ́dún 1988, kí ló tún ń wá kiri? Lóòótọ́, láyé ọjọ́un, àwọn ọ̀gá méjèèjì máa ń fi àwo orin sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn, wọ́n sì ti parí ẹ̀ tipẹ́. Àwọn méjèèjì ló ṣe sójà rí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ni kò tíì gbé ìbọn sílẹ̀.

Ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó mi ku ọ̀la nígbà tí mo yà síbẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti gẹ̀ ẹ́ dé ẹ̀yìn etí ni rédíò tó so mọ́ ìṣó bá gbé Barrister sí i. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, "Kò tún sí fújì mọ́ látìgbà tọ́kùnrin yìí ti lọ ní 2010."

Kílípà dákẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n múná lọ o.

"Bọ̀dá, ẹ tún un sọ."

"Ta ló sọ ọ́ ní fújì? Barrister náà ni. Pátákó ìpolówó kan ní pápákọ̀ òfurufú ló ti rí orúkọ òkè Fuji ti Japan, ló bá fi sọ orin wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì lórúkọ."

"Ta ló wá gbé bàtá wọ inú ẹ̀?" Ó na kílípà sí mi nínú díńgí. "Bàtá! Ẹ dá mi lóhùn!"

Mo ní Kollington ni, ìyẹn ò níjà nínú. Àmọ́ ẹsẹ̀ la fi ń gbọ́ bàtá, orí la fi ń gbọ́ Barrister. Bó ṣe gbọ́ "orí" báyìí ló rántí tèmi, ó tan kílípà padà, ó sì ń fìbínú gẹ̀ mí lọ.

Ọmọkùnrin kan tó ń dúró de tiẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì wá yọ nǹkan létí. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Asake kọ́ ló kúkú gbé fújì dé gbọ̀ngàn O2 ní London? Inú kásẹ́ẹ̀tì ni tiyín wà."

"Asake?" Ẹnu kan náà lèmi àti onígbàjámọ̀ fi pè é. Ọ̀tá mi di ọ̀rẹ́ mi lójú ẹsẹ̀. Èmi yí orí sọ́mọ náà, òun náà yíra padà, kílípà tó wà láàárín wa ò sì mọ ẹni tá à ń bá jà. Ó gbéra láti ẹ̀yìn etí, ó di àárín àtàrí. Nígbà tí mo fi máa wo díńgí, kẹ̀kẹ́ Márùwá lè gba ojú ọ̀nà tó là sórí mi kọjá.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́. Barrister nìkan ló ṣì ń ki olówó kan nínú rédíò. Ọmọ Asake rọra dìde, ó lóun ń lọ ra káàdì. Kò padà wá.

Onígbàjámọ̀ fìka tọ́ ibẹ̀ wò. "Bọ̀dá, ẹ ò wa jẹ́ ká kúkú fá a kodoro?"

Pẹ̀lú àpá tó wà lágbárí mi látìgbà tí mo ti já láti orí igi máńgòrò? Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bu àtíkè lé e, ó sì gbowó ẹ̀ pé.

Ìyàwó mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Olówó orí mi, ta lẹ bá jà?"

"Kollington, Barrister àti Asake."

Ó kọ́kọ́ wá ìjókòó kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kejì, fìlà aṣọ òkè tí wọ́n jọ dá ni gbogbo àna mi dé. Abetí ajá ni tèmi, mo fa etí ẹ̀ wálẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ ọn, mo ti yà fún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, onífújì tí wọ́n pè wá gbé orin Kollington, àwọn onílù ẹ̀ sì ki bàtá mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi fi ìgúnpá gbún mi níhà.

"Jẹ́nẹ́rà ti dé o. Ẹ ṣí fìlà fún wọn."