Orí Òkè Ni Mo Ń Wakọ̀ Lé: Ohun Tí Adágún Lanier Kọ́ Mi

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé tó jẹ́ pé ẹja ni wọ́n fi ń jẹun, n kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Nígbà tí mo wá dé Gwinnett ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, tí mo rí i pé adágún ńlá kan wà nítòsí ilé wa, mo gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa omi. Ìyá mi a máa sọ pé ẹni tó mọ̀wẹ̀ ni omi ń gbé lọ. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ náà rín.

Adágún Lanier kì í ṣe omi tó ti wà láti ayébáyé bí ọ̀sà. Odò Chattahoochee ni US Army Corps of Engineers, ẹ̀ka àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, sé ní Buford ní ọdún 1956, tí omi fi bo àfonífojì, oko, ọ̀nà àti àwọn òkè kéékèèké mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá kún, ó fẹ̀ tó nǹkan bí eékà 38,000, ojú rẹ̀ a sì fi ẹsẹ̀ bàtà 1,071 ga ju ojú òkun lọ. Nítorí náà, erékùṣù tí ẹ bá rí níbẹ̀, orí òkè ni, òkè mìíràn tí kò ga tó láti yọrí sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sà wa, ẹrẹ̀ rírọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá há, a ó fi ọ̀pá tì í, a ó sì máa lọ. Ní Lanier, àpáta àti amọ̀ pupa líle ló ń dúró de ni.

Ní oṣù karùn-ún ọdún kan, a háyà ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní pontoon, a sì gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù kan kọjá láìséwu. Ní oṣù kẹsàn-án, mo tún fi orí lé ibẹ̀, nítorí pé mo ti mọ̀nà. Òjò kò rọ̀ dáadáa nígbà ooru náà; omi ti fà ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, n kò sì wo ìwọ̀n rẹ̀ kí a tó jáde. Mo tilẹ̀ rí àmì funfun kan tó léfòó lójú omi, tó ní igun mẹ́rin aláwọ̀ ọsàn lára, ṣùgbọ́n mo rò pé àmì àwọ̀n apẹja ni, bíi ti Ẹ̀pẹ́.

Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì gbá àpáta, ọkọ̀ dúró gbì, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, tó jókòó síwájú, sì ta sínú omi. Òfin Georgia ni pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, nítorí náà ó léfòó bí igbá. Àbúrò ìyàwó mi, tí tirẹ̀ wà lábẹ́ àga, kígbe pé, “Bọ̀dá, ẹ dúró, èmi ni mo máa lọ!” ó sì bẹ́ sómi. Omi kò ju orúnkún rẹ̀ lọ lórí àpáta náà, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ méjì péré ló gbé tó fi wọlẹ̀ lọ pátápátá. Òun náà mọ̀wẹ̀ o. Ó ti gbé omi mì, ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀ wúwo, ẹ̀rù sì bà á. Ọpẹ́lọpẹ́ tìmùtìmù aléfòó tí òfin ní kó wà nínú ọkọ̀, èyí tí mo jù sí i. Ọmọ tó fẹ́ gbà là ti ń wò ó láti ojú omi.

Láti ọjọ́ náà, kí a tó tú okùn ọkọ̀ ni àgbà àti ọmọdé ti ń wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń wo ìwọ̀n omi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó kúrò nílé. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní wọkọ̀, ibi tí wọ́n fi àmì sí fún ìwẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti wẹ̀, nítorí pé etí òkè ni etí omi náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ní Atlanta ló ń sọ pé òkú ló ń fà wọ́n lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ìṣísẹ̀ méjì lè ṣe.

Ní ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ fa ọmọ lórí rọ́bà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa wo ẹ̀yìn, kí ẹ sì rọra rìn bí ẹ bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ọkọ̀ mìíràn tàbí èbúté. Ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1998 gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kó tó wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Kò kàn mí, ṣùgbọ́n mo ṣe é, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ ohun tí àmì funfun ọjọ́sí túmọ̀ sí: ewu wà níbẹ̀.

Ẹja pípa ló pẹ́ jù kó tó yé mi. Mo gba ìwé àṣẹ, èyí tó di dandan fún ẹni tó bá ti pé ọdún 16, mo sì ń ju ìwọ̀ sí etí omi bí ẹni tó ń wá ẹja ẹ̀pìyà, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ tó tutù ni striped bass ń gbé nígbà ooru. Ẹja yìí kì í bí sí i nínú adágún náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń kó ọmọ rẹ̀ dà síbẹ̀. Àwọn igi tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ìdúró nísàlẹ̀ omi sì gba ìwọ̀ lọ́wọ́ mi kọjá kíkà. Spotted bass ní tirẹ̀ fẹ́ràn orí òkè inú omi, àpáta tó tẹ abẹ̀bẹ̀ wa sì ni mo ti ń pa á jù lọ báyìí. Mo máa ń dúró lókèèrè, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì, àbúrò ìyàwó mi a sì jókòó tì mí pẹ̀lú láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó ti wọ̀ láti inú mọ́tò.