Mo wá igi zombi lọ, owó kẹ̀kẹ́ ni mo bá pàdé

Bọ̀dá mi tó ń gbé ní Brisbane ló kó mi sí i. Ọsirélíà ni mo ti lọ kí wọn, wọ́n ní igi kan wà nínú igbó ní ìpínlẹ̀ Queensland tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, Rhodamnia zombi. Mo ní zombi kẹ̀, òkú tó ń rìn? Igi? Wọ́n ní mọ̀lẹ́bí gúáfà àti kànáfùrù ni. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán mo ti wọ bàtà.

Ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ó rẹwà gan-an, àmọ́ ẹni tó háyà kẹ̀kẹ́ fún wa, ha! Owó kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, owó páádì lọ́tọ̀, a wá fi ìṣẹ́jú 15 péré pẹ́ dé, ó ní ká san odindi wákàtí kan! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni tó wà ní Bódìjà, ọmọ yẹn kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì yọ kọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ tiyín o, àbí kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn.

Igi náà ńkọ́? Mi ò rí i o. Bọ̀dá mi ní àwa kọ́ ló yẹ ká máa já wọgbó lọ wá a, torí àrùn tó ń pa á máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà àti aṣọ. Inú bí mi díẹ̀, àfìgbà tí wọ́n fi igi kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ìbátan rẹ̀ náà ni: gbogbo ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ló ní nǹkan pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lórí, àfi bí ìgbà tí wọ́n ku gàrí elépo sí i. Myrtle rust nìyẹn, àrùn tó ń pa igi zombi náà. Ọdún 2010 ló dé Ọsirélíà, ewé tuntun ló sì máa ń mú. Láti 2020 tí wọ́n ti ń ṣọ́ igi zombi yìí, ìdá kan nínú mẹ́wàá ti kú, àwọn tó kù ò yọ òdòdó, wọn ò so èso. Ó dúró, ó láwọ̀ ewé, àmọ́ kò lè bímọ. Èmi ò bá pè é ní àkúdàáyà, àmọ́ àkúdàáyà ṣì ń bímọ níbi tó bá sá lọ!

Wọ́n ti gé ẹ̀ka àwọn tí àrùn ò tíì mú, wọ́n lọ gbìn ín síbi tó jìnnà. Ìyẹn tù mí nínú ju kẹ̀kẹ́ lọ.

Nígbà tá a délé, bọ̀dá mi ò jẹ́ kí bàtà wọlé, àfi ká kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ṣì ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ ewé gúáfà ẹ̀yìnkùlé wọn wò.