Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Àtijọ́ Nínú Ilé Ọlọ́mọ: Ẹ Béèrè Bóyá Ìyá Ọmọ Lè Sítáàtì Rẹ̀ Lóru

Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé, tí ẹ ń gbé nínú irú àgbàlá tí àwa ń gbé ní Ìgbógbò, ní Ìkòròdú yìí, níbi tí àwọn ayálégbé ti ń pín géètì kan ṣoṣo lò, tí ọkàn yín sì ń fà sí ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀ sílẹ̀. N kò fẹ́ lé yín sá. Èmi náà fẹ́ràn ọkọ̀ tó ń sáré, tó sì ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀ bí a bá yí kọ́nà. Orí Peugeot 504 bàbá mi, tí a ń fi ọwọ́ yí gíà rẹ̀, ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹ̀rù ọkọ̀ ló ń bà mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé mọ àṣírí rẹ̀ kò tíì di ọkọ̀ ìdílé, bó ti wù kí àga ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó.

Mazda RX-8 ọdún 2004 ni bàbá àwọn ọmọ mi rà. Ó ní ìdí gúnmọ́ tó fi yàn án, n kò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ìwàǹwara ló ṣe. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ló jẹ́ pé ilẹ̀kùn méjì péré ni wọ́n ní, tí ọmọ yóò máa rá kọjá lẹ́yìn àga iwájú kí ó tó ráyè jókòó. Mazda MX-5 kò tilẹ̀ ní àga ẹ̀yìn rárá. Porsche 944 ní i, àmọ́ àgbàlagbà kò lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀. RX-8 ní tirẹ̀ ní ilẹ̀kùn mẹ́rin àti àga mẹ́rin tí ènìyàn lè jókòó sí ní tòótọ́. Ọkọ mi a tún máa sọ fún mi pé irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú rẹ̀ ló gbé Mazda 787B dé ipò kìíní níbi ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní ọdún 1991, àti pé ẹ́ńjìnì RX-8 gan-an ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹ́ńjìnì tó dára jù lọ lágbàáyé ní ọdún 2003. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ẹni tó tà á fún wa kò sọ ni ìwà tí ẹ́ńjìnì náà máa ń hù bí ó bá tutù. Kò ní písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, bíi ti ọkọ̀ yòókù. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń yí po nínú rẹ̀. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì rẹ̀, bẹntiróòlù púpọ̀ ló máa ń gbà kí ara rẹ̀ tó yá. Bí a bá wá pa á kí ó tó gbóná, bẹntiróòlù yẹn á ṣẹ́kù sínú, á rin pọ́lọ́ọ̀gì, á sì fọ ọ́ìlì tó ń dí ẹ̀gbẹ́ irin náà kúrò, débi pé ẹ́ńjìnì kò ní lè fún afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ bá tún yí kọ́kọ́rọ́, á máa yí lásán ni, kò ní gbà. Ẹni tó ní géètì tirẹ̀ lè lo ọkọ̀ náà fún ọdún púpọ̀ láìmọ èyí, torí pé bí ó bá ti sítáàtì, ó ti gba ibi iṣẹ́ lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú àgbàlá tiwa, ṣé ọjọ́ kan lè kọjá tí ẹnì kan kò ní kanlẹ̀kùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún mọ́tò yín díẹ̀”?

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọkọ̀ omi fẹ́ wọlé lọ́sàn-án. Bọ̀dá Kékeré, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé pẹ̀lú wa, mú kọ́kọ́rọ́, ó sún ọkọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó pa á, ó sì wọlé. Gbogbo rẹ̀ kò ju bí ẹni bu omi mu lọ. Ọmọ náà kò ṣe ohun tí kò tọ́, mo sì ti bá àwọn tó fẹ́ dá a lẹ́bi jà lórí èyí: òfin tí wọn kò sọ fún ẹni tó fowó ra ọkọ̀, ta ni yóò sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀?

Ọkọ mi wà ní Àbújá nítorí iṣẹ́. Ara àbíkẹ́yìn wa ti ń gbóná láti ìrọ̀lẹ́. Mo ti fún un lóògùn, mo sì ti fi omi nù ún lára. Ó ti ń lọ sí aago méjì òru nígbà tí mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń mì. Gìrì ti gbé e. Ojú rẹ̀ yí sókè, eyín rẹ̀ pa pọ̀ mọ́ra, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa, n kò ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo sáà ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó dáwọ́ dúró, tí gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ jọwọlọ, mo gbé e, mo jí Bọ̀dá Kékeré, a sáré jáde sínú òjò.

Mo gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó yí, ó yí, ó yí, kò gbà. Mo sinmi díẹ̀, mo tún yí i. Òórùn bẹntiróòlù gba inú ọkọ̀ kan. Bọ̀dá Kékeré ń sọ pé, “Àǹtí, ẹ tún un ṣe, ó fẹ́ẹ́ gbà, ẹ tún un ṣe.” Omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì fi ara bo ọmọ kí òjò má bàa pa á. Mo pe ọkọ mi. Ó gbé fóònù lójú ẹsẹ̀, ó ní kí n tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá kí n sì máa yí kọ́kọ́rọ́ lọ, torí pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kò ní fún ẹ́ńjìnì ní bẹntiróòlù mọ́, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé láti gbẹ èyí tó wà níbẹ̀. Mo ṣe é. Bóyá ì bá gbà ká ní bátìrì ṣì lágbára, àmọ́ bátìrì ti rẹ̀, kíkísítátà tí wọ́n sì fi sára àwọn RX-8 àkọ́kọ́ kò yára tó. Mazda fúnra wọn padà ṣe èyí tó lágbára jù ú lọ. Ó wá di kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú. Ibẹ̀ ni gìrì ti tún gbé ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì, lọ́wọ́ Bọ̀dá Kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí gbogbo àdúgbò ti ń bá wa yọ̀ lé lórí.

N kò mọ̀ pé mo ń pariwo. Bàbá Ruka tó ń wa kòrópe, tí yàrá rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn, ló jáde sí wa. Kò béèrè nǹkan kan. Kòrópe rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá dí ojú fèrèsé rẹ̀ kan, gbà ní ẹ̀ẹ̀kan náà, òun ló sì gbé wa dé ilé ìwòsàn. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí tirẹ̀ náà dojú rú.

Ọmọ yè. Ibà ni wọ́n tọ́jú, ó sì ti padà sí ilé ìwé. Mẹkáníìkì yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbẹ wọ́n, ó ṣáàjì bátìrì, ọkọ̀ sì gbà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ọkọ mi tà á fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì ní ìyàwó, ó sì kọ gbogbo ohun tí mo sọ yìí sínú ìwé fún un.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ mú ẹnì kejì yín dání, kí ó sì jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kí ó má tan ọkọ̀ náà láàárọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ rí i dájú pé ó tutù. Ẹ sítáàtì rẹ̀, ẹ sún un síwájú díẹ̀, ẹ pa á, ẹ jókòó ti ẹni náà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tún sítáàtì rẹ̀. Bí ó bá ní kí ẹ má pa á, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé irú ẹ́ńjìnì ti RX-8 ló ní ìwà yìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní èèwọ̀ tirẹ̀, ẹni tó ń dá wà á nìkan ló sì máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ka gbogbo èèwọ̀ náà lójú ẹ̀yin méjèèjì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ohun tí ẹ kò lè ṣàlàyé fún àbúrò tàbí ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ kó àwọn ọmọ lọ pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí a ti san owó RX-8 ni ojú wa tó là pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ọwọ́ níta, àti pé kò lè ṣí àfi bí ti iwájú bá kọ́kọ́ ṣí. Níwájú ilé ìwé, tí ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn yín, èmi tí mo jókòó níwájú ní láti sọ̀kalẹ̀ kí ọmọ tó lè jáde. Ohun kan tún wà láàárín àga ẹ̀yìn méjèèjì tó ya wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà ọmọ méjì péré ló gbà. Ẹni tó ní mẹ́ta, tàbí tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ RX-8 nìyẹn.

Ẹ tún rántí pé Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè kò gbà kí wọ́n kó ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ọdún 12 wọlé. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ ń wò ti jẹ ìyà ojú ọ̀nà wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá ẹni tó mọ ẹ́ńjìnì náà ní pàtó kí ó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnì onípísítìnì kò lè sọ òtítọ́ nípa ti RX-8, torí pé ojú mẹ́ta ni irin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Àwa kò rí ẹni tó ní èyí tó tọ́ sí i nítòsí wa. Ẹ́ńjìnì náà kò sì ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ní Amẹ́ríkà, Mazda fa wọ́ràńtì rẹ̀, ìyẹn àsìkò tí wọ́n fi ń tún un ṣe láìgba owó, gùn di ọdún 8 tàbí máìlì 100,000 fún àwọn ti ọdún 2004 sí 2008.

BMW 330i ọdún 2003 ni a padà rà, onílẹ̀kùn mẹ́rin, tó ń yí gíà fúnra rẹ̀. Agbára rẹ̀ lé ní ti ẹṣin 220, ó sì ń sáré débi pé ọkọ mi kò ráhùn mọ́. Ọmọ mẹ́ta gbà lẹ́yìn rẹ̀, irin tí a fi ń de àga ọmọdé mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, a sì ń rí páàtì rẹ̀ rà ní Ládípọ̀. Ibi tó ti ń yọnu ni àwọn ẹ̀yà tó ń gbé omi kiri láti mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù, nítorí pé ike ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn, ike a sì máa gbó. Kí a tó gbé e dé Mile 12 nínú gó-síló, a ti pààrọ̀ rédíétọ̀, ike ìpamọ́ omi, wọ́tà-pọ́ọ̀ǹpù àti tẹmositáàtì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi owó ìyẹn kún iye ọkọ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà. Ẹ sì wo bí ó ṣe ga sílẹ̀ tó, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gba Ajégúnlẹ̀ àti Májídùn kọjá, níbi tí omi ti máa ń kún nígbà tí wọ́n bá ṣí omi ìdídò (dáàmù) Ọ̀yán sílẹ̀.

Ohun kan tí mo dúró lé lórí lọ́jọ́ tí a lọ rà á ni kọ́kọ́rọ́ kejì. Kọ́kọ́rọ́ BMW yẹn ní ohun kan nínú tí ọkọ̀ fi ń dá a mọ̀, nítorí náà àwọn tó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Sábó kò lè gẹ́ èyí tí yóò sítáàtì rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ọ̀kan ṣoṣo ni òun ní, ẹ yọ owó èkejì kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san, kí ẹ sì ṣe é kí bàbá ilé tó tún rin ìrìn àjò.